Bí Mo Ṣe Gun Àpáta Karu Lọ Gbàdúrà fún Wándé

Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ aládùúrà, ẹ ti bi mí ní ìbéèrè tó. Láti Sátidé tí mo ti wọ Ìkirun, n kò tíì rí àyè nà ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wọlé á ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú àjò," kí n tó dáhùn, á ti bi mí bóyá lóòótọ́ ni títì Abuja fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ béèrè Abuja. Á kàn fà mọ́ mi, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Wándé ńkọ́? Ṣé ó ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì?" Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo yín fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Mo ti jókòó báyìí, mo ti mú bírò, n ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá sí nílé nígbà tí ẹ bá ń kà á, kó lọ bi ẹni tó wà ńbẹ̀.

Wándé ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Àwọn àgbà inú yín rántí ohùn rẹ̀ láàárín akọrin. Ó kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́, ó sì bá iṣẹ́ náà lọ sí Abuja nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú ilẹ̀ olú-ìlú tuntun, tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣì jókòó sí Èkó. Olórí àwọn bíríkìlà ni wọ́n fi í ṣe. Lóṣooṣù ló ń kọ lẹ́tà. Àfi èyí tó dé ní ọdún kejì: "Màámi, mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, mi ò sì gbàdúrà mọ́. Tí mo bá ti dijú, búlọ́ọ̀kù ni mo ń rí."

Orí ìdúró ni mo ti ka lẹ́tà yẹn, ìjókòó ni mo parí rẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìsìn títí mo fi fẹ̀yìn tì, èmi alága ẹgbẹ́ aládùúrà, ọmọ tèmi dijú, ó ń rí búlọ́ọ̀kù. Ọkàn mi bàjẹ́, n kò ní purọ́. Mo di ẹrù. Iṣẹ́ tí mo bá lọ kò ju ẹyọ kan lọ: kí n gbé ọkàn ọmọ yẹn kúrò nínú sìmẹ́ǹtì, kí n dá a padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Tí n kò bá rí i ṣe, a jẹ́ pé lásán ni gbogbo ariwo tí mo ti ń pa lé àwọn ọmọ yín lórí.

Òkúta tó ní ojú

Alhaji kan láti Ìlọrin, oníṣòwò aṣọ, ló jókòó tì mí nínú ọkọ̀. N kò tíì fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún gbogbo èrò. Mo ní kí wọ́n yé fi ọkàn wọn wọ́ ilẹ̀ kiri, kí wọ́n ro ohun tó ga ju ayé yìí lọ. A kọjá odò Ọya ní Jẹ́bbà, ẹnu mi kò dúró. Alhaji gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá mi lẹ́nu. Nígbà tí mo dákẹ́ láti mumi, ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sinmi díẹ̀, Ọlọ́run ti gbọ́." Inú bí mi. Ṣùgbọ́n ó fún mi ní gúgúrú àti ẹ̀pà, mo sì gbà á.

Nígbà tó tó àkókò ìrun, ọkọ̀ dúró fún wọn. Alhaji sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tù rẹ̀, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbọn eruku iwájú orí, ó padà wá jókòó. Kò pẹ́ ju kí ènìyàn jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì lọ. Mo wò ó pé ṣé ó ti parí náà nìyẹn. Èmi, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọbẹ̀ lè jóná.

Nígbà tí a ń súnmọ́ Zuba, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ mi. Òkúta kan ló dá dúró nínú pápá, gìrìwò, ó ga débi pé ọrùn dùn mí níbi tí mo ti ń wò ó. Wọ́n ní ó ní ojú, ó ní imú. Mo wá ojú náà títí mo fi rí i. Ó jọ ọ̀gá ilé-ìwé kan tó fojú mi gbolẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà. Síbẹ̀, ẹ̀rù Ẹlẹ́dàá bà mí. Mo ní tí ènìyàn bá ń rí irú nǹkan báyìí lójoojúmọ́, báwo ni ọkàn rẹ̀ yóò ṣe wà nílẹ̀? Mo ti ń wá ohùn orin tí n ó fi yìn ín. Ọkọ̀ dúró ní Zuba, mo rí ọsàn tí wọ́n tò jọ gègèrè, mo gbàgbé òkúta, mo gbàgbé orin. Nígbà tí mo fi máa rántí, mo ti ń bá obìnrin ọlọ́sàn jà nítorí ẹyọ méjì tó ti rà.

Sànnu

Bí mo ṣe sọ̀ ní Karu, abúlé tí Wándé ń gbé lẹ́bàá Abuja, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pupa. Nígbà tó dìde, n kò mọ èyí tó jẹ́ eruku lára rẹ̀, n kò mọ èyí tó jẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ó ti rù. Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà mo bá a wí nítorí pé kò gé irun.

Ẹ má rò pé ìlú ńlá ni mo bá. Ilé díẹ̀, igbó díẹ̀, katakata kan tó ń hú gbòǹgbò igi, igbó mìíràn. Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ olú-ìlú, ṣùgbọ́n Haúsá ni gbogbo wọn fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá kí ọ ní "sànnu," má rò pé ó ti tán. Wọn á béèrè ilé, wọn á béèrè iṣẹ́, wọn á béèrè bí àárẹ̀ rẹ ṣe ń ṣe, bí ẹni pé àárẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wá rántí pé àwa tí a ń kí ẹni tó jókòó lásán ní ẹ kú ìjókòó, a ò ní ẹnu ọ̀rọ̀. Mo ń dá wọn lóhùn ní "yauwa, yauwa," títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí.

Bayarabiya ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn obìnrin Yorùbá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnìkan kò pè mí ní Yorùbá rí. Ta ni yóò pè mí bẹ́ẹ̀ ní Ìkirun? Ó ṣe mí bákan, bí ìgbà tí wọ́n wọ aṣọ tí kì í ṣe tèmi sí mi lọ́rùn.

Àwọn tó gbọ́ èdè wa náà wà. Bàbá Díkìnì, ará Kàbà, ló wà ní yàrá kejì sí ti Wándé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Mo bá wọn wí, wọ́n ní "Yes, Mama."

Ní ti oúnjẹ, ìyàwó Bàbá Díkìnì gbé túwó ìrẹsì wá kí mi. Wọ́n se ìrẹsì títí ó fi gbàgbé pé ìrẹsì ni òun, wọ́n wá rò ó pọ̀ mọ́ra. Mo béèrè ohun tí ìrẹsì náà ṣẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọbẹ̀ kúkà, ìyẹn ọbẹ̀ ewé osè, gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì, mo dákẹ́, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ kejì ni mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe. Mo rí àwọn obìnrin Gbagyi tí wọ́n ń ti oko bọ̀, igi ìdáná ńlá wà léjìká wọn, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n ń lọ. Kò sí ẹni tó gbé e lórí. Iṣẹ́ tíṣà kì í tán lára ènìyàn: mo dá ọ̀kan dúró, mo gba ẹrù rẹ̀, mo ṣe òṣùká, mo gbé e ka orí, mo sì rìn síwá sẹ́yìn láti fi bí a ṣe ń ru ẹrù hàn án. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo àwọn tó kù rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n sọ ẹrù tiwọn kalẹ̀.

"Màámi," Wándé ní, nígbà tó fà mí wọlé, "wọ́n mọ̀ pé orí wà. Wọ́n ní orí ni ọba ara, ibẹ̀ ni èrò ń gbé, a kì í di ẹrù ru ọba."

"Àwa tí a ń fi orí pọnmi ńkọ́?"

"Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí a fi ń pariwo."

Irínwó

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo jí Wándé fún àdúrà. Ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò bá mi jiyàn. Mo gbàdúrà fún un, mo gbàdúrà fún Nàìjíríà, mo dé orí àwọn ọ̀tá. Ní ibi tó ti yẹ kó ṣe àmín, mo gbọ́ tó ní, "Irínwó."

Mo lajú. "Irínwó kí ni?"

"Búlọ́ọ̀kù, Màámi. Irínwó ni wọ́n máa kó wá láàárọ̀ yìí. Ẹ má bínú." Ojú tì í, mo rí i. Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́, kò jẹun.

Mo sọ fún Bàbá Díkìnì pé ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti àdúrà inú yàrá. Ó fi àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn abúlé hàn mí, ó ní àwọn kan máa ń gun ibẹ̀ lọ gbàdúrà. Inú mi dùn. Ẹ mọ̀ pé àwa kì í fi òkè ṣeré. Mo pinnu ààwẹ̀ gbígbẹ, ọjọ́ mẹ́ta, mo sì sọ fún Wándé pé kó máa retí iṣẹ́ ìyanu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo bọ́ bàtà, mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀ ìyìn. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bóyá mo pa sítóòfù kí n tó kúrò nílé. Mo lé e lọ. Ìyá Sàmúẹ́lì ló kàn. Mo rí i kedere tó jókòó sórí àga mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ fáànù, tó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí kò ní dìde mọ́. Mo bá a jà nínú ọkàn mi, mo bá a jà dáadáa, mo sì ti ń borí kí n tó rántí pé nítorí Wándé ni mo ṣe gun òkè. Ìyá Sàmúẹ́lì, tí o bá wà níbi tí wọ́n ti ń kà á, forí jì mí. Ṣùgbọ́n àga mi nìyẹn o.

Àwa sì mọ ohun tí a máa ń ṣe tí ọkàn bá ń sá. A ó gbé ohùn sókè, a ó pàtẹ́wọ́, a ó máa rìn síwá sẹ́yìn, kí ẹni tó ń wo wá má baà mọ̀. Afasẹ́gbèjò ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ kejì nìyẹn. Mo ń rìn, mo ń ké, ojú mi dì pa, mo ti kúrò níbi tí mo ti ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀, n kò sì mọ̀. Ó ṣe, mo rí i pé òkúta ń rọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún rọ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo ní, "Olúwa, o ti sọ òkúta di ẹ̀kọ nítorí ìránṣẹ́bìnrin rẹ." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Òórùn kan wá gba afẹ́fẹ́. Mo ní Èṣù ló ń bínú, mo tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i.

Mo gbọ́ "Kai," jẹ́jẹ́, mo lajú.

Irú ni. Irú tí wọ́n mọ rìbìtì rìbìtì, tí wọ́n sá sórí àpáta kó gbẹ. Ó ti di àkàrà pẹlẹbẹ láti ibi tí mo dúró títí dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan dúró níwájú mi pẹ̀lú igbá léjìká. Ẹni tí mo kọ́ bí a ṣe ń ru ẹrù lọ́jọ́sí ni. Làdi ni orúkọ rẹ̀.

A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, ṣùgbọ́n ti èmi yìí kọjá kí orí mì.

Ẹsẹ̀ tó bà á jẹ́

Wọ́n lọ pe Wándé níbi iṣẹ́ kó wá bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ó wo irú, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó yí ojú sápá kan, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Mo ní tó bá rẹ́rìn-ín n ó gbá a létí. Mo bẹ Làdi, mo kúnlẹ̀, mo ní n ó ra òmíràn dípò rẹ̀. Ó mi orí. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, Wándé sì túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n ní ẹsẹ̀ tó bà á jẹ́ ni kó wá tún un ṣe. Wọ́n ti se irúgbá òmíràn, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́."

Báyìí ni alága ẹgbẹ́ aládùúrà ṣe di ẹni tó ń tẹ irúgbá fún ọjọ́ mẹ́ta ní agbo ilé Làdi. Wọ́n bu eérú sí i kí èèpo lè ṣí, mo ká ìró sókè, mo dúró sínú rẹ̀, mo ń tẹ̀. Àwọn obìnrin ilé náà wá ń wò mí. Tí mo bá ń sinmi, wọn á ní, "Bayarabiya, àdúrà," wọn á sì dijú, wọn á máa fò bí mo ṣe fò lórí àpáta. Ọjọ́ kìíní, inú bí mi. Ọjọ́ kejì, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ààwẹ̀ ti tú, torí Làdi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ nílé òun láìjẹun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Wándé yà wá wò mí. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú mi, ó ní kí iṣẹ́ lè tètè tán. Làdi jókòó tì wá, ó ń fẹ́ èèpo dànù. Ó béèrè ohun tí mo ń wá lórí àpáta gan-an tí n kò fi lajú wo ilẹ̀.

Mo ní, "Sọ fún un pé mo ń gbàdúrà fún ọmọ mi tí kò gbàdúrà mọ́."

Wándé túmọ̀ rẹ̀. Làdi rò pé mo ní ọmọ mìíràn, ó béèrè ibi tí ọmọ náà wà.

"Sọ fún un pé ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa yìí ni."

Ó túmọ̀ ìyẹn náà, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Làdi dá iṣẹ́ dúró. Ó wò ó, ó wò mí, ó sọ̀rọ̀ gígùn kan, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka sí yàrá kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irúgbá.

"Kí ló wí?"

"Wọ́n ní ẹ máa tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Wándé."

Ó mí kanlẹ̀. "Àkọ́bí wọn ń bá mi ṣiṣẹ́, Màámi. Ó já bọ́ láti orí pákó tí a fi ń gun ògiri, ó kán lẹ́sẹ̀. Inú yàrá yẹn ló wà. Wọ́n ní kò sí òwúrọ̀ kan tí mi ò yà wò ó kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí ni ẹ tún ń wá."

Mo yí ojú wo yàrá náà.

Ó ní, "Tí mo bá dijú, mo máa ń rí búlọ́ọ̀kù, mo máa ń rí pákó yẹn, mo máa ń rí ọmọ yẹn tó ń já bọ́. Màá ní èyí kì í ṣe àdúrà, màá dìde."

"Èmi náà, Ìyá Sàmúẹ́lì ni mo rí lórí òkè," mo ní. "Òun àti sítóòfù."

Ó wò mí bóyá mo ń ṣe àwàdà. Nígbà tó rí i pé òótọ́ ni, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di èjìká mi mú kó má baà ṣubú sínú irúgbá. Ó tó ọdún méjì tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ìgbà tó dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti mọ̀ láti kékeré wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "A ti ń lé wọn sẹ́yìn kí a tó lọ bá Ọlọ́run. Má lé wọn mọ́. Ohun tó bá wúwo lọ́kàn rẹ, òun gan-an ni kí o gbé sókè lọ fún un. Kí lo fẹ́ gbé lọ, tí o bá fi ẹrù rẹ sílẹ̀ nílé?"

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Àìkú kan ló bá mi lọ kí n tó máa bọ̀, ó sì sùn nígbà ìwàásù. Bóyá ó tún lọ lẹ́yìn tí mo kúrò, n kò mọ̀, n kò sì ní kọ lẹ́tà láti bi í. Nítorí ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, láìdijú, láìkúnlẹ̀, nínú irúgbá tó kàn wá dé ọrùn ẹsẹ̀, ọmọ mi gbàdúrà.

Ó ní, "Olúwa, o kú iṣẹ́." Mo fẹ́ sọ fún un pé a kì í kí Ọlọ́run bí ẹni ń kí bíríkìlà. Mo gbé e mì. Ó ní, "Ògiri tí a mọ lánàá, jẹ́ kó dúró. Garba tó ń po kọnkéré, ẹ̀yìn ń dùn ún, kì í sọ. Ẹsẹ̀ ọmọ Làdi, jọ̀wọ́, jẹ́ kó tọ́. Mo rí i pé pákó yẹn ń mì, Olúwa. Mo rí i, mi ò tètè kígbe." Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ irúgbá lọ. "Màámi nìyí. Ariwo wọn pọ̀, ìwọ náà mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ilé Ìkirun yẹn ti tóbi jù fún wọn láti dá gbé."

Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí. N kò sọ fún un. N kò sọ fún ẹ̀yin tí a jọ ń kúnlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo kọjá odò Ọya, mo gun àpáta, mo ń wá ibi tí ọkàn ọmọ mi wà, n kò mọ̀ pé ara mi ni ọkàn náà wà.

N kò lè dúró kó parí. Mo ti ṣe àmín.